Etí Mákanjúọlá Atẹdùrù

Ẹ pa kíbọ́ọ̀dù yẹn ná, kí etí mi sinmi díẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má kọ́ ọ o. Ẹ óò kọ́ ọ, ẹ óò sì tẹ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, inú mi á sì dùn. Àmọ́ ẹ̀rọ tó jẹ́ pé ẹ máa tẹ bọ́tìnì kan ṣoṣo, tí ìlù àti jìtá á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fúnra wọn, èmi ò mọ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe níbẹ̀. Ẹ wá jókòó. Tóbi, Yorùbá ni kí o fi dá mi lóhùn lónìí, má fi Hausa dá mi lóhùn.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Sabon Tasha níbí, ẹ rò pé ibí la wà látilẹ̀. Rárá. Nígbà tí mò ń kọ áótò nínú ẹgbẹ́ akọrin, ṣọ́ọ̀ṣì wa wà lódìkejì odò, láàárín ìgboro, níbi téèyàn ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin. Ìjà ẹ̀sìn ti jà nígbà yẹn, ó ti pín ìlú sí méjì, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti ń kó wá síhà ibí díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá di Àìkú, gbogbo wa la máa ń sọdá afárá padà. Dùrù tó wà níbẹ̀ ló ń fà wá.

Dùrù tí mò ń wí kì í ṣe èyí téèyàn lè gbé sábẹ́ apá. Ó gba odindi ògiri kan. Fèrè irin àti fèrè igi ló wà lára rẹ̀, òmíràn ga tó òpó iná, òmíràn ò sì ju ìka ọmọdé lọ. Mọ́tò kan wà nínú yàrá kékeré lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín orin, gbogbo ohùn yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á máa kérora, á máa kérora, títí á fi kú pátápátá. Àwọn ọmọdé máa ń di ìyá wọn mú. Mai gadi wa, ọlọ́dẹ ṣọ́ọ̀ṣì, á sì máa pariwo níta, "An ɗauke wuta!" bí ẹni pé a ò tíì mọ̀ pé iná ti lọ, á wá sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Ti ìgbà ọyẹ́ ló tún burú jù. Ẹ mọ bí ọyẹ́ Kaduna ṣe máa ń rí, tí ètè á là, tí ilẹ̀kùn á súnkì. Igi inú dùrù náà máa ń gbẹ, á sán, fèrè kan á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀sán Ẹtì la máa ń lọ aṣọ akọrin, àwa obìnrin mẹ́ta mẹ́rin, nínú yàrá tí àlùfáà ti ń múra. A óò ti po sítáàṣì, a óò ti kó èédú sínú àyọ́ọ̀nù, a óò máa bára wa ṣeré, a óò sì máa gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan láti inú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo. Orí ohùn kan ṣoṣo ni á dúró sí, kò sì ní mí. Àlùfáà kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sọ́dọ̀ wa gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó sá jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wa tó wọlé lọ wo ohun tó ń dún.

Bọ̀dá Mákanjúọlá nìkan ló máa ń wọlé. Á rìn lọ jẹ́jẹ́, á fọwọ́ kan nǹkan kan lẹ́yìn àwọn fèrè yẹn, bí ìgbà téèyàn ń gbá ọmọ lẹ́yìn kí ó lè sùn, ohùn náà á sì dákẹ́.

Òun ni atẹdùrù wa. Makáníìkì ni ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní ọ̀nà Kakuri, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn ṣì ń mí. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sọ pé á máa rìn láàárín ẹ̀rọ ìhunṣọ tó ń pariwo débi pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ò lè gbọ́ ohun tí ò ń sọ, á kàn dúró lójijì, á tọ́ka sí ọ̀kan, á ní, "Ẹ pa eléyìí. Ó fẹ́ já." Wọ́n á tú u, wọ́n á sì rí ibi tó ti ń là. Nígbà èwe rẹ̀, ó ti gbé òkè òkun, ó ti tẹ dùrù nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá níbẹ̀, tí àwọn òyìnbó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wá gbọ́ ọ. Ohun tó gbé e wá sí Kaduna láti wá máa tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ga, ó gbẹ, kò níyàwó. Bó bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, kì í wo ojú rẹ. Ọrùn rẹ ló máa ń wò.

Ní Sátidé tó bá ṣáájú ìkórè, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á ṣe kọ́nsáàtì fún wa. Ó ní bàtà kan tó fi ń tẹ pátákó ẹsẹ̀ dùrù, awọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ewé, kò fi í tẹ ilẹ̀ rí. Inú aṣọ funfun ló máa ń di í sí. Á jókòó, á wọ bàtà, á dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ títí tí ẹni tó ń wúkọ́ á fi dákẹ́, tí abẹ̀bẹ̀ á fi dúró lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Lẹ́yìn náà, ohùn kan á jáde, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀. Òmíràn á wọlé lókè, á sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ̀kẹta á tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ ló fi ń mú ẹ̀kẹrin wọlé, ìyẹn á sì máa bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ ọ lára ìjókòó yín kí etí yín tó gbọ́ ọ. Ohùn mẹ́rin á wá máa lé ara wọn kiri, wọn ò ní kọlu ara wọn, ìkankan ò sì ní sọnù. Èèyàn kan ṣoṣo ló jókòó síbẹ̀ o! Mo máa ń wo ọwọ́ rẹ̀ láti ibi tí áótò ń dúró sí. Ìgbà míì ó máa ń dà bíi pé ọwọ́ ò yára rárá, orin ló ń yára.

Lọ́dún kan, òjò ìkẹyìn dé bá kọ́nsáàtì yẹn. Ẹ mọ bí òjò ṣe ń ṣe lórí páànù. A rò pé Bọ̀dá Mákanjúọlá á dáwọ́ dúró. Kò dáwọ́ dúró. Ó tẹ́tí sí òjò náà díẹ̀, ó wá fa orin wálẹ̀ títí ó fi wọ inú òjò, tí a ò mọ èwo ni dùrù, èwo ni páànù mọ́. Nígbà tó gbọ́wọ́ kúrò, a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òjò ti dá tipẹ́tipẹ́. Àlùfáà Mùsùlùmí kan wà, ará Ìlọrin, tó ń ta aṣọ lódìkejì títì. Ó máa ń gbé àga rẹ̀ wá síbi fẹ́ǹsì wa. Ó sọ fún mi pé òun ò mọ ohun tí ẹ̀rọ yẹn ń sọ, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé òun ló ń bá wí.

Ó dáa. Mo fẹ́ sọ ti fèrè kan fún yín.

Lára dùrù yẹn, àwọn kókó igi wà tí atẹdùrù máa ń fà jáde. Èyí tó bá fà ló máa sọ irú fèrè tó máa dún. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ohùn rẹ̀ rọ̀ gan-an, bí ẹni tó ń mí sí ọ létí. Bọ̀dá Mákanjúọlá kì í sábà lò ó. Ṣùgbọ́n ìgbà míì, tí ẹnì kan bá ń dá kọrin, ẹ óò kàn gbọ́ fèrè yẹn lábẹ́ ohùn onítọ̀hún, á rọra gbé e, á bá a lọ dé ìparí.

Ìyá Ìjọ, olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, ló kọ́kọ́ kàn. Fèrè náà bá a kọ orin kan nígbà Lẹ́ńtì, ìyá náà sì kú kí Àjíǹde tó dé. Arúgbó ni, kò sẹ́ni tó ronú sí i. Ọ̀gbẹ́ni Túndé, tó ń kọ báàsì, ló tẹ̀ lé e. Ó tóbi, ó taagun, ohùn rẹ̀ ń mi fèrèsé. Fèrè wọ abẹ́ ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan, kò lo oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Fúnkẹ́. Ìyàwó tuntun ni Fúnkẹ́. Ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi àmù. Ó dá kọrin lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìgbéyàwó rẹ̀, mo sì gbọ́ fèrè yẹn lábẹ́ rẹ̀, mo tiẹ̀ rò lọ́kàn mi pé, ó mà dùn o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà la wọ aṣọ dúdú.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní fèrè ìpè. Kò sẹ́ni tó tún fẹ́ dá kọrin mọ́. Tí ọ̀gá akọrin bá pín ẹsẹ̀, oníkálùkù á ní ọ̀fìnkìn ń ṣe òun. Kódà nígbà tí gbogbo ìjọ bá ń kọrin pọ̀, wọ́n á máa kọ ọ́ sínú, ètè nìkan ló ń mì, nítorí wọn ò fẹ́ kí fèrè náà gbọ́ tiwọn. Ẹ fojú inú wo ṣọ́ọ̀ṣì tó kún dẹ́nu ọ̀nà, tí dùrù ń dún, tí ẹgbẹ̀rún ètè ń mì, tí ohùn ò sì jáde. Mo wà níbẹ̀. Orí mi máa ń wú.

"Haba, Mama! Ẹ̀yin náà ò kọrin?"

Tóbi, èmi náà ò kọrin.

Bàbá yín àgbà nìkan ló ní òun ò lè torí fèrè panu mọ́. Tẹ́nọ̀ ló ń kọ. Lọ́jọ́ ìkórè ọdún yẹn, ó dìde, ó ní òun lòun máa kọ ẹsẹ̀ kẹta. Mo fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó gba aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó kọ ìlà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ dára. Ó kọ ìlà kejì. Nígbà tó dé ìlà kẹta, fèrè náà wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bàbá yín àgbà gbọ́ ọ. Mo rí i lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ pé ó gbọ́ ọ. Àmọ́ ó kọ ọ́ parí, kò sáré, ó sì jókòó. Nígbà tí a jáde, àwọn èèyàn ń yà fún wa lọ́nà bí ẹni ń yà fún òkú. Àwọn kan tí kò kí wa rí wá dì mọ́ wa.

Nílé, ó ní kò sí ohun tó ń ṣe òun. Ó ní kí n má dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ó jẹun, ó sì lọ sùn. Mo jókòó tì í, mò ń ka èémí rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Barakallahu, níbi tí Bọ̀dá Mákanjúọlá ń gbé. Inú ń bí mi débi pé n kò kí i. Ó wà lábẹ́ igi dóńgóyárò níwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣa ìrẹsì.

"Kí ni ọkọ mi ṣe fún yín?"

Ó gbé àwo ìrẹsì sílẹ̀. "Jókòó, Ìyá Rónkẹ́."

"Mi ò jókòó. Kí ni Fúnkẹ́ ṣe fún yín?"

"Láti ìgbà Àjíǹde," ó ní, "ọkọ rẹ ń mí lẹ́ẹ̀mejì níbi tó ti máa ń mí lẹ́ẹ̀kan. Ó ń fi ọgbọ́n bò ó, olórin dáadáa ni. Lánàá, nígbà tó dé ìlà kẹta, èémí rẹ̀ ò lè dé ìparí mọ́. Mo fa fèrè yẹn kí ó lè fara tì í. Òun nìkan ló rọ̀ tó láti gbé èèyàn láìbo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Mo jókòó.

"Ṣé pé ẹ máa ń gbọ́ ọ ni?"

"Mo máa ń gbọ́ ọ. Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ já, ó máa ń yí ohùn padà kó tó já. Èèyàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

Ó tún gbé àwo rẹ̀, ó ń ṣa ìrẹsì lọ. "Mo sọ fún Túndé, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ fún ìyá Fúnkẹ́, ó ṣépè fún mi, ó ní mò ń ro ikú ro ọmọ òun. Ni mo bá ní, ó dáa, ó kéré tán, n óò bá wọn gbé orin wọn délé." Ó wá gbójú sókè. "Mú un lọ sílé ìwòsàn, Ìyá Rónkẹ́. Lónìí. Má dúró dọ̀la."

Mi ò dúró dọ̀la. Mo sunkún, mo pariwo, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ mi bí ọkùnrin. Ó tẹ̀ lé mi nítorí ojú ń tì í fún mi. Dókítà gbé nǹkan sí i láyà, ó tẹ́tí, ó ní ká má padà sílé mọ́. Ọkàn rẹ̀ ti wú, omi sì ti ń gun ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rán wa wá, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í mọ̀ títí wọ́n á fi ṣubú. A lo ọjọ́ púpọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn jáde. Òun ló kọ́ ìyá yín ní ọkọ̀ wíwà lẹ́yìn náà. Òun ló sọ ìwọ ní Tóbi.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, a gbọ́ pé àwọn àgbà ìjọ fẹ́ ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ atẹdùrù. Inú mi dùn. Mo ní Ọlọ́run ló fún wa láyè láti jẹ́rìí. A lọ, tọkọtaya. Mo rò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohun tó sọ lábẹ́ igi, ohun tí dókítà sọ. Ọkọ mi dìde kí wọ́n lè rí i pé ó wà láàyè. Nígbà tí a sọ ọ́ tán, Bàbá Ìjọ, tó jẹ́ olórí wọn, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Ìyá Rónkẹ́," ó ní, "a bá yín dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí o jẹ́ yìí gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé àwọn èèyàn ń sọ ìsọkúsọ ni. Báyìí, a ti mọ̀ pé òótọ́ ni. Ta ló fẹ́ máa kọrin ìyìn níwájú ẹni tó ń gbọ́ ọjọ́ ikú rẹ̀?"

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti dùrù pa. Ẹnu mi ni mo fi tì í.

Wọ́n ra kíbọ́ọ̀dù. Eku wọnú àwọn fèrè igi, wọ́n bímọ síbẹ̀. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì kó wá síhà ibí níkẹyìn, àwọn Hausa tó ń ra irin àlòkù wá pẹ̀lú ọmọlanke, wọ́n sì to àwọn fèrè irin yẹn lé e bí ìrèké. Atẹ́gùn ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n ti ń tì í lọ ní títì, díẹ̀ nínú wọn ń dún.

Bọ̀dá Mákanjúọlá ò jà. Ilé-iṣẹ́ aṣọ yẹn náà ti ti ilẹ̀kùn, ó wá di pé kò níbi tó ń lọ. Èmi àti bàbá yín àgbà máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un ní Sátidé. Ibẹ̀ la ti rí ohun tó yà wá lẹ́nu. A kì í bá òun nìkan. Àwọn ará ìjọ ń yọ́ wá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ní àwọn wá kí i. Wọ́n á jókòó, wọ́n á sọ̀rọ̀ oòrùn àti ọjà, lẹ́yìn náà wọ́n á ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ orin kan lẹ́nu mi." Wọ́n á kọ ẹsẹ̀ kan nínú pálọ̀ yẹn, láìsí dùrù, ojú wọn á máa wo ẹnu rẹ̀. Á sọ fún ẹlòmíràn pé kí ó lọ rí dókítà. Á ní kí ẹlòmíràn lọ jẹun dáadáa.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó kó wá síhà ibí, a bá Bàbá Ìjọ fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Ó wọ awò dúdú, ó fa fìlà bo iwájú orí. Kò lè sá mọ́, ó kọrin níṣojú wa. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Bọ̀dá Mákanjúọlá di ojú, ó gbọ́ ọ tán.

"Èémí yín mọ́, Bàbá. Ẹ̀rù ló wà nínú rẹ̀. Ẹ máa sùn dáadáa."

Bàbá Ìjọ dì mọ́ ọn, ó ń sunkún bí ọmọdé. Òótọ́ sì ni, ó pẹ́ láyé, òun ló sin ọ̀pọ̀ nínú wa. Nígbà tó lọ tán, mo bi Bọ̀dá Mákanjúọlá bóyá ó ti ní kí wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ dùrù padà fún un.

"Kò dárúkọ kọ́kọ́rọ́," ó ní.

Nígbà tó yá, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wá mú un lọ sílé, sí apá ìlú wa lọ́hùn-ún. A lọ bá wọn di ẹrù. Ẹrù náà ò pọ̀. Nígbà tí wọ́n dì í tán, ó ní kí ọkọ mi kọrin fún òun. Bàbá yín àgbà kọ ọ́ ketekete, níta gbangba, àwọn ará àdúgbò ń wò wá. Bọ̀dá Mákanjúọlá mi orí. "Ó ti dáa sí i," ó ní. Ó wá yíjú sí mi.

"Ìyá Rónkẹ́, láti ìgbà tí wọ́n ti ti dùrù pa, ìwọ nìkan ni o kò kọrin sí mi létí. Kọ áótò rẹ fún mi. Ẹsẹ̀ kan péré, kí n máa gbọ́ ọ lọ."

Mo yanu. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń mí. Ọkùnrin tó fún mi ní èémí yẹn padà ló ń tọrọ ẹsẹ̀ orin kan ṣoṣo lọ́wọ́ mi. Mo yanu, mi ò lè kọ ọ́.

"Ọ̀fun ń dùn mí, Bọ̀dá," ni mo wí.

Ó tẹ́tí, bó ṣe máa ń ṣe kí kọ́nsáàtì tó bẹ̀rẹ̀, títí gbogbo àdúgbò fi dà bíi pé ó dákẹ́. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kò burú," ó ní. "Mo ti gbọ́."

Ó gun ọkọ̀, wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n lọ. Mi ò bi í ní ohun tó gbọ́, kò sì sí ẹni tí mo lè bi mọ́.